Slasher wo ló yẹ MF 35 àtijọ́?

Ìbéèrè láti ọwọ́ olùkọ́ fẹ̀yìntì kan ní Òṣogbo:

"Ẹ kú iṣẹ́ o. Bàbá mi fi katakata Massey Ferguson 35 kan sílẹ̀ fún wa, èyí pupa ayé àtijọ́. Mẹkáníìkì ti tún un ṣe, ó sì ń ṣiṣẹ́. Mo ní éékà 12 lójú ọ̀nà Ìwó: ọ̀pẹ wà níbẹ̀, ọsàn wà níbẹ̀, ìyókù jẹ́ koríko. Owó àwọn tó ń bá mi fi àdá ro ó ti pọ̀ jù. Ẹnì kan fẹ́ ta slasher, ẹ̀rọ agékoríko tí wọ́n ń so mọ́ ẹ̀yìn katakata, ẹlẹ́sẹ̀ bàtà méje ní fífẹ̀, fún mi ní owó pọ́ọ́kú. Ẹlòmíràn ní ẹlẹ́sẹ̀ márùn-ún, àlòkù ni, síbẹ̀ tirẹ̀ wọ́n ju ti àkọ́kọ́ lọ. Ọmọ mi ní kí n ra ńlá, ká lè tètè máa parí iṣẹ́. Èwo ni kí n mú?"

Ẹ ǹlẹ́ o, tíṣà. Ẹ jẹ́ kí ẹlẹ́sẹ̀ méje yẹn máa lọ. Èrò ọmọ yín kò burú, ẹ bá mi kí i. Ṣùgbọ́n slasher tó bá fẹ̀ ju agbára katakata lọ kì í yára rárá. Á rìn díẹ̀, á dákẹ́, èéfín dúdú á máa rú, koríko á sì kàn dọ̀bálẹ̀ láìgé. Tó bá di ọjọ́ kẹta, gbogbo rẹ̀ á tún ti dìde. Ẹlẹ́sẹ̀ márùn-ún ni kí ẹ rà, bó tilẹ̀ wọ́n jù ú lọ. Àmọ́ kí ẹ tó sanwó, nǹkan kan wà lára katakata yín fúnra rẹ̀ tí ẹ gbọ́dọ̀ yẹ̀ wò, torí òun ló máa sọ iye tí slasher náà máa ná yín gan-an. Kílọ́ọ̀ṣì rẹ̀ ni. N óò dé orí rẹ̀ láìpẹ́.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ ṣírò agbára. Ìparí 1957 ni MF 35 pupa bẹ̀rẹ̀ sí í jáde ní Coventry nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ó sì ń jáde títí di 1964, nígbà tí MF 135 gba ipò rẹ̀. Nínú àwọn tó ń lo dísù, àwọn àkọ́kọ́ ní ẹ́ńjìnnì Standard onísílíńdà mẹ́rin, èyí tó máa ń lọ́ra láti jí láàárọ̀. Láti 1959 ni wọ́n ti gbé Perkins onísílíńdà mẹ́ta sínú rẹ̀, òun sì ni ọ̀pọ̀ mẹkáníìkì wa mọ̀ mọ́ MF 35. Tí tiyín bá jẹ́ Perkins, agbára rẹ̀ nígbà tó wà ní tuntun tó nǹkan bí 37 hp (agbára ẹṣin). Ẹ má fi iye yẹn ra slasher o. Agbára inú ẹ́ńjìnnì nìyẹn. Kó tó dé ọ̀dọ̀ PTO, ọ̀pá eléyín tó ń yí lẹ́yìn katakata, jíà àti òróró á ti jẹ lára rẹ̀. Ohun tó máa ṣẹ́kù kò ju ọgbọ̀n lé díẹ̀ lọ, fún ẹ́ńjìnnì tó ṣì dá ṣáṣá. Tiyín ti lé ní ọgọ́ta ọdún.

Fún koríko tó ṣì tutù, ẹ ka hp márùn-ún sí ẹsẹ̀ bàtà kọ̀ọ̀kan. Fún èèsún tó ga ju ènìyàn lọ, tàbí ewé Akíntọ́lá tí igi rẹ̀ ti gbó, ẹ kà á sí mẹ́fà tàbí méje. Ẹlẹ́sẹ̀ méje wá ń béèrè 35 hp lórí koríko tó rọrùn jù lọ. MF 35 yín kò ní in. Ẹlẹ́sẹ̀ márùn-ún ń béèrè 25 lórí koríko kan náà, ìyẹn sì wà níkàáwọ́ rẹ̀. Níbi tí igbó bá ti ki jù, ẹ̀gbẹ́ kan slasher nìkan ni kí ẹ máa fi jẹ ẹ́.

Ní ti pé kí iṣẹ́ tètè parí, ẹ jẹ́ kí ọmọ yín bá wa ṣe ìṣirò yìí: ẹsẹ̀ bàtà márùn-ún tó mítà kan àtààbọ̀. Bí katakata bá ń rin kìlómítà mẹ́rin ní wákàtí kan, tí a yọ àkókò tí ẹ fi ń yí padà àti ibi tí ẹ gé lẹ́ẹ̀mejì kúrò, éékà kan lé díẹ̀ ni wákàtí kan máa gbé. Éékà 12 kò ju iṣẹ́ ọjọ́ méjì lọ. Láàárín ọsàn, tí ẹ̀ka rẹ̀ máa ń rọ̀ sílẹ̀, slasher ńlá kì í tilẹ̀ rí àyè yí.

Ó wá kan kílọ́ọ̀ṣì. Oríṣi méjì ni wọ́n ṣe MF 35. Àwọn kan ní kílọ́ọ̀ṣì onípele kan, àwọn kan ní onípele méjì. Ẹ ò lè fi ojú dá wọn mọ̀ lókèèrè, ẹni tó sì ń tajà fún yín kò ní sọ ọ́, torí ọ̀pọ̀ wọn kò mọ̀.

Nínú onípele kan, PTO àti jíà tó ń yí táyà jọ ń gba agbára lójú kan náà. Tí ẹ bá tẹ kílọ́ọ̀ṣì, ẹ́ńjìnnì já kúrò lára àwọn méjèèjì, ṣùgbọ́n àwọn méjèèjì kò já kúrò lára ara wọn. Ibẹ̀ ni ewu wà. Abẹ slasher wúwo, ó sì ń yí bí òkòtó tí ọmọdé ta: ọwọ́ ti kúrò lára rẹ̀, kò tíì ṣe tán láti dúró. Ẹ ti rí ọ̀pẹ níwájú, ẹ ti tẹ kílọ́ọ̀ṣì mọ́lẹ̀ kí katakata lè dúró. Abẹ tó ṣì ń yí yóò gba inú ṣáàfù, ọ̀pá tó so slasher mọ́ PTO, padà wá sínú jíà, yóò sì máa ti katakata lọ síwájú. Bíréèkì tó ti dàgbà kì í sábà borí rẹ̀. Ẹni tí kò mọ̀ á rò pé kílọ́ọ̀ṣì ni kò já, á tún fi gbogbo ara tẹ̀ ẹ́, ọ̀pẹ á sì ti wọ inú rédíétọ̀. Bó bá jẹ́ kòtò tàbí ènìyàn ló wà níwájú ńkọ́?

Onípele méjì kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Bí ẹsẹ̀ bá dé ìdajì, táyà dúró, PTO ṣì ń yí. Bó bá dé ìsàlẹ̀ pátápátá, PTO náà já. Abẹ kò rí ọ̀nà ti táyà. Ó tún ní àǹfààní mìíràn: tí koríko bá pọ̀ jù lẹ́nu slasher, ẹ ó tẹ̀ ẹ́ dé ìdajì, abẹ á gé ohun tó wà lẹ́nu rẹ̀ tán, ẹ ó sì tún máa lọ.

Bí ẹ ṣe máa dán an wò nìyí. Ẹ gbé katakata lọ sí pápá tó tẹ́jú, kí ohunkóhun má ṣe wà lẹ́yìn rẹ̀, kí ẹnikẹ́ni má sì dúró níwájú. Ẹ fa ọwọ́ PTO sí ibi tí ẹ́ńjìnnì ti ń yí i. MF 35 ní ibòmíràn tí táyà ti ń yí PTO. Ẹ má lo ìyẹn fún slasher láé, torí bí katakata bá ń fà sẹ́yìn, òdìkejì ni PTO máa yí sí. Ẹ fi jíà kìíní rìn jẹ́jẹ́, kí ẹnì kan dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́, ní ọ̀nà jíjìn, kó máa wo ọ̀pá PTO. Ẹ rọra tẹ kílọ́ọ̀ṣì. Bí katakata bá dúró tí ọ̀pá ṣì ń yí, onípele méjì ni. Bí àwọn méjèèjì bá jọ dúró lẹ́ẹ̀kan náà, onípele kan ni, tàbí onípele méjì tí wọn kò ṣètò ìpele kejì rẹ̀ dáadáa nígbà tí wọ́n ń tún un ṣe. Ẹ bi mẹkáníìkì yín. Ẹni tó bá ti tú u rí á mọ̀.

Bó bá jẹ́ onípele kan, ẹ ra ohun tí àwọn oníspéà ń pè ní overrun, tí àwọn mìíràn ń pè ní freewheel. Orí ọ̀pá PTO ló ń wọ̀. Ó ń jẹ́ kí katakata yí slasher, kò sì ní jẹ́ kí slasher yí katakata. Owó rẹ̀ ni kí ẹ kọ́kọ́ yà sọ́tọ̀, kí ẹ tó máa ná owó slasher. Mo ti rí àwọn tó ń sọ pé àwọn ti ń gé koríko tipẹ́ láìlò ó. Mi ò bá wọn jiyàn, mi ò sì ní gun katakata wọn. Ẹ wọn ojú rẹ̀ kí ẹ tó rà á: PTO tiyín yẹ kó jẹ́ ínṣì 1⅜, nǹkan bí 35 mm, eléyín mẹ́fà. Ferguson TE20 aláwọ̀ eérú, bàbá ńlá MF 35, tí wọ́n ṣe láti 1946 sí 1956, ínṣì 1⅛ ló wà lára ọ̀pọ̀ wọn, overrun tiwọn sì wà lọ́jà pẹ̀lú. Kò ní wọ tiyín. Ẹ má sì jẹ́ kí overrun fi yín lọ́kàn balẹ̀ jù. Katakata á dúró lóòótọ́, abẹ á ṣì máa yí fúngbà díẹ̀. Àti pé nínú onípele kan, bí ẹ bá ti tẹ kílọ́ọ̀ṣì, hydraulic náà ti dákẹ́ nìyẹn. Ẹ ò lè gbé slasher sókè lákòókò yẹn. Gbígbé ṣáájú, kílọ́ọ̀ṣì tẹ̀ lé e.

Overrun á sún slasher sẹ́yìn ní bí ínṣì mẹ́rin, nítorí náà ṣáàfù tó bá slasher wá lè gùn jù. Ibi tí ọ̀pọ̀ ènìyàn ti ń ba gíábọ́ọ̀sì jẹ́ nìyí. Ṣáàfù PTO jẹ́ páìpù méjì tó wọnú ara wọn, ó sì ń gùn, ó ń kúrú, bí ẹ ṣe ń gbé slasher sókè tí ẹ ń gbé e sílẹ̀. Ibi tó ti kúrú jù ni ìgbà tí ọ̀pá katakata àti ti slasher bá wà ní ìlà kan náà. Bí páìpù inú bá gbún ìdí èyí tó wà níta níbẹ̀, agbára hydraulic á ti ọ̀pá PTO wọ inú katakata, bẹ́rìǹ á sì fọ́. Ẹ pa ẹ́ńjìnnì, ẹ so slasher mọ́ katakata láìfi ṣáàfù sí i, ẹ gbé e dé ibi tí ọ̀pá méjèèjì ti dọ́gba, ẹ fi nǹkan tó le gbé e ró, ẹ wá fi ìdajì ṣáàfù kọ̀ọ̀kan sí àyè tirẹ̀, kí ẹ gbé wọn sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn. Ibi tí wọ́n bá ti ń kan ìdí ara wọn, ẹ sàmì sí i, kí àyè tó tó ínṣì kan àtààbọ̀ ṣẹ́kù. Iye kan náà ni kí ẹ gé kúrò lára páìpù méjèèjì àti lára ike tó bò wọ́n. Ẹ fi fáìlì họ ẹnu rẹ̀ kó dán, kí ẹ fi gíríìsì sí i. Lẹ́yìn náà ẹ gbé slasher lọ sókè àti sísàlẹ̀ pátápátá. Ó kéré tán, ìdá mẹ́ta páìpù gbọ́dọ̀ ṣì wà nínú ara wọn níbi tó ti gùn jù. Ẹ má yọ ike yẹn sọnù o. Ìró, sòkòtò kẹ́ńbẹ́, okùn ìgbànú: PTO kì í tú ohun tó bá ti wé mọ́ ọn sílẹ̀.

Ojú ìsokọ́ kò gba ọ̀rọ̀ púpọ̀. Apá MF 35 ń gba pín-ìnnì 22 mm nísàlẹ̀ àti 19 mm lókè lọ́dọ̀ top link, apá kan ṣoṣo tó wà lókè. Slasher ńlá sábà máa ń wá pẹ̀lú 28 mm, ìdí mìíràn tí ẹlẹ́sẹ̀ méje kò fi bá tiyín mu nìyẹn. Bí pín-ìnnì ẹlẹ́sẹ̀ márùn-ún náà bá tóbi jù, ẹ pààrọ̀ rẹ̀. Òṣogbo kò ṣaláìní ẹni tó lè fi lathe gbẹ́ pín-ìnnì. Ìlú ilé iṣẹ́ Machine Tools ni. Ẹ má kàn fún wẹ́dà ní rọ́ọ̀dù ilé kíkọ́ pé kó jó o mọ́ ọn.

Ẹ wo ìwúwo pẹ̀lú. Ẹlẹ́sẹ̀ márùn-ún sábà máa ń wọn 250 sí 350 kg, katakata yín sì tó nǹkan bíi tọ́ọ̀nù kan àtààbọ̀. Ó lè gbé e. Síbẹ̀, bí ẹ bá gbé slasher sókè tí ẹ ń gun òkè, iwájú katakata á fúyẹ́, sítíárì kò sì ní gbọ́ràn mọ́. Ẹ wá irin tó wúwo so mọ́ iwájú rẹ̀. Ẹ máa rìn jẹ́jẹ́ tí slasher bá wà lókè, kí ẹ sì pa PTO kí ẹ tó gbé e rìn lójú ọ̀nà.

Táyà ẹ̀yìn ṣe pàtàkì. Ẹ lè sún un wọlé tàbí kí ẹ sún un jáde, láti ínṣì 48 sí 76, láti àárín táyà kan sí àárín èkejì. Bó bá wà ní 48, tí a fi fífẹ̀ táyà bí ínṣì 11 kún un, 59 ni gbogbo rẹ̀. Slasher ẹlẹ́sẹ̀ márùn-ún jẹ́ 60, ó bò ó gẹ́lẹ́. Bí bàbá yín bá ti sún un jáde torí ebè, táyà á máa tẹ koríko tó wà lóde ẹnu abẹ, ìlà tí kò gé á sì máa wà káàkiri oko. Ẹ sún un wọlé, ṣùgbọ́n ẹ rántí pé katakata tóóró tètè ń ṣubú ní gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́. Níbi tó bá dagun, òkè sí ìsàlẹ̀ ni kí ẹ máa gé, ẹ má gbà á ní ìbú.

Bí ẹ bá lọ wo àlòkù yẹn, ẹ má wo ọ̀dà rẹ̀. Ọ̀dà tuntun tilẹ̀ ń kó mi lẹ́rù. Ẹ tú nọ́ọ̀tì òróró gíábọ́ọ̀sì, ẹ ti ìka bọ̀ ọ́: bí òróró bá funfun bíi wàrà, omi ti wọ̀ ọ́. Kí wọ́n gbé slasher sórí nǹkan tó dúró ṣinṣin, ẹ di ìdí abẹ mú, kí ẹ fì í sókè-sódò. Bó bá ń mì lọ́nà yẹn, bẹ́rìǹ ti lọ. Ẹ wò ó bóyá abẹ méjèèjì jọ wà, tí wọ́n wúwo bákan náà, tí wọ́n sì lè fà sẹ́yìn bí wọ́n bá kọlu kùkùté. Èyí tí àwo irin tó rí kòtókòtó wà lábẹ́ rẹ̀ ló dára jù fún ilẹ̀ yín, torí àwo yẹn ló ń gun orí kùkùté àti àpáta kọjá dípò abẹ. Ẹ rí i pé 540 ni wọ́n kọ sí i, ìyẹn iye ìgbà tí PTO ń yí láàárín ìṣẹ́jú kan, kì í ṣe 1000. PTO 540 ni MF 35 ní.

Láàárín katakata àti slasher, ohun kan gbọ́dọ̀ wà tó máa jọ̀wọ́ bí abẹ bá kọlu nǹkan. Ó lè jẹ́ bóòtù tó máa ṣẹ́, ó sì lè jẹ́ slip clutch, àwọn àwo tó ń yọ̀ lórí ara wọn bí nǹkan bá le jù. Bó bá jẹ́ bóòtù, irú èyí tí slasher náà ń lò ni kí ẹ rà, kí mẹ́ta tàbí mẹ́rin máa wà nínú àpótí yín. Àwọn awakọ̀ wa fẹ́ràn láti fi bóòtù líle rọ́pò rẹ̀ "kó má bàa máa dà wá láàmú". Bóòtù kò ní ṣẹ́ mọ́ lóòótọ́. Jíà katakata ló máa ṣẹ́. Bó bá jẹ́ slip clutch tí òjò ti pa, ó ṣeé ṣe kó ti di ara kan náà. Ẹ dẹ àwọn nọ́ọ̀tì rẹ̀, ẹ fi ṣọ́ọ̀kì fa ìlà kan kọjá lórí àwọn àwo rẹ̀, ẹ yí PTO fún ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀, kí ẹ pa á. Bí ìlà náà bá ti yà kúrò lójú ara wọn, ó ń yọ̀ bó ṣe yẹ. Ẹ wá fún un padà dé ibi tó wà tẹ́lẹ̀. Bí kò bá yà, ẹ tú u, ẹ fọ ìpata rẹ̀.

Kí ẹ tó gé ohunkóhun, ẹ kọ́kọ́ fẹsẹ̀ rin ilẹ̀ náà. Agbègbè wa kún fún àpáta tó yọ orí díẹ̀, òkìtì ikán àti kùkùté tí koríko bò. Ẹ ri ọ̀pá tó ní aṣọ pupa mọ́lẹ̀ níbi gbogbo tí ẹ bá ti rí wọn. Lábẹ́ ọ̀pẹ, ẹ kó imọ̀ kúrò, kí ẹ wá wáyà àti igbà tí àwọn akọpẹ ti gbàgbé, torí wọ́n máa ń wé mọ́ ìdí abẹ. Bí abẹ ẹlẹ́sẹ̀ márùn-ún bá ń yí ní 800 láàárín ìṣẹ́jú kan, ẹnu rẹ̀ ń sáré ju 220 kìlómítà ní wákàtí lọ. Òkúta tó bá ta jáde níbẹ̀ kì í mọ ọmọ, kì í mọ àgbà. Kí ṣéènì tàbí rọ́bà ìdènà wà níwájú àti lẹ́yìn slasher, kí ẹnikẹ́ni má sì wà láàárín ọgọ́rùn-ún mítà sí i. Ọmọ iṣẹ́ tó bá fẹ́ jókòó sórí mọ́gáàdì, kó sọ̀ kalẹ̀.

Ní ti gígé, ẹ tọ́jú iwájú slasher kó rẹlẹ̀ ju ẹ̀yìn lọ ní bí ínṣì kan, kí abẹ máa fi iwájú gé lẹ́ẹ̀kan, kó má tún máa lọ ọ́ lẹ́yìn. Gíga bí 10 sí 15 cm tó; bó bá rẹlẹ̀ jù ú lọ, erùpẹ̀ ni ẹ ń gé. Ọwọ́ hydraulic méjì ló wà lára MF 35, èyí tó ń dá gíga dúró sójú kan ni kí ẹ lò, ẹ fi ti ìtúlẹ̀ sílẹ̀. Kí ẹ́ńjìnnì wà níbi tí wọ́n sàmì PTO sí lójú aago rẹ̀, kí ẹ sì fi jíà dín eré kù, kì í ṣe tọ́rótùlù. Oko tí wọn kò tíì fọwọ́ kàn lọ́dún yìí, ẹ gé e ní gíga lẹ́ẹ̀kìíní, ẹ padà wá lẹ́yìn ọjọ́ díẹ̀ gé e sísàlẹ̀. Ẹ gbìyànjú láti gé ṣáájú kí koríko tó so èso, kí ẹ sì parí rẹ̀ kí ọyẹ́ tó dé. Abẹ tó bá gbá àpáta nínú koríko gbígbẹ ń tana, ọ̀pẹ yín sì wà nítòsí.

Bí ẹni tó ni ẹlẹ́sẹ̀ márùn-ún kò bá jẹ́ kí ẹ tú nọ́ọ̀tì òróró yẹn, ẹ má bá a ná an mọ́. Bó bá gbà, tí ẹ sì rí i pé slip clutch ti dì tàbí pé ike ṣáàfù kò sí, ìyẹn ṣeé tún ṣe. Ẹ yọ iye rẹ̀ kúrò nínú owó rẹ̀. Bẹ́rìǹ tó ti lọ nìkan ni kí ẹ torí rẹ̀ padà sílé.